Rélùwéè Orí Tábìlì Tó Dé Ọ̀nà Adó-Odò

Àbúrò ọkọ mi ni ẹni àkọ́kọ́ tó pe ohun tí mò ń ṣe ní iṣẹ́. Ìdí tí mo fi gbà á gbọ́ nìyẹn, ìdí náà sì nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ara mi fi ń rí mi lára títí di òní. Ṣáájú rẹ̀, eré ọmọdé ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Àwọn tí a jọ ń gbé ilé ní Sango á yọjú láti ẹnu ọ̀nà, wọ́n á rí obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún tó tẹrí mọ́ agolo mílíìkì, tó ń fi lẹ́ẹ̀dì jó o pọ̀ mọ́ páànù, wọ́n á ní, "Màmá Ìbejì, ẹ ò tíì sinmi?" Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ nínú ara wọn. Wọ́n rò pé orí mi ti fẹ́ dà rú.

Ọkọ̀ ojú irin ni mo máa ń kọ́. Kì í ṣe èyí tí ènìyàn lè wọ̀. Èyí tó tóbi jù nínú wọn, bí ẹ bá dá ìgò míńírà kan dùbúlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló gùn mọ. Bàbá mi ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Ìjọ̀kó, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń tún ojú irin ṣe, nítorí náà láti kékeré ni mo ti mọ bí igi ṣe ń dábùú abẹ́ irin àti bí ọkọ̀ ṣe ń yà kúrò lójú ọ̀nà kan bọ́ sí òmíràn. Nígbà tí mo dàgbà, mo ṣiṣẹ́ ọdún mọ́kànlá ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń to rédíò ní Sango. Iṣẹ́ mi níbẹ̀ kò ju kí n máa fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà mọ́ ojú pátákó tín-ínrín, láti àárọ̀ dalẹ́. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kógbá wọlé, ọwọ́ mi kò mọ bí a ti ń jókòó lásán. Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré tí mo ti ń tún fáànù àti ayọ́ọ̀nù ṣe, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó mọ́tò inú àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ti bàjẹ́ jọ. Mọ́tò bẹ́ẹ̀ kò ju àtàǹpàkò lọ, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ tó láti fa kọ́ọ̀ṣì mẹ́ta tí a fi páànù ṣe.

Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé bátìrì ni ó wà nínú ọkọ̀ náà. Kò sí bátìrì níbẹ̀. Irin méjì tó tẹ́ sílẹ̀ ni wáyà. Iná gba ọ̀kan wọlé, ó gba èkejì jáde, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ló sì ń gbé e lọ bá mọ́tò. Nítorí náà ẹsẹ̀ ọ̀tún kò gbọdọ̀ kan ẹsẹ̀ òsì, ike gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn. Bí wọ́n bá kan ara wọn, ṣọ́ọ̀tì dé nìyẹn, òórùn ike jíjó á sì gba gbogbo ilé. Ìdọ̀tí pàápàá jẹ́ ọ̀tá. Ní àdúgbò wa, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ irin kì í jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ kí ẹ̀dú wọn tó bà lé nǹkan. Bí mo bá fi ìka nu ojú irin mi ní àárọ̀, ìka náà á dúdú bíi pé mo tì í bọ ìdí ìkòkò. Ohun tí à ń mí símú nìyẹn. Mo máa ń fi àkísà tí mo rẹ sínú kẹrosíìnì nù ún kí ọkọ̀ tó lè rìn.

Ọjọ́ Sátidé kan ni àbúrò ọkọ mi wá. Ilẹ̀ ni ó ń tà, ó ní ọ́fíìsì ní Ìyànà Ìyẹsí, pẹ̀lú àwọn àwòrán ilé gogoro lára ògiri. Mo ju ọkùnrin náà lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i kí wọ́n tó fẹ́ mi wọlé, nítorí náà "bọ̀dá" ni mo ń pè é, mo sì ń kúnlẹ̀ kí i. Ẹran díndín ló gbé wá nínú bébà. Ó jẹ ẹ́ tán lójú wa, ó lá ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá na ìka tútù náà, ó gbé orí ọkọ̀ mi, èyí tí mọ́tò wà nínú rẹ̀, sókè, ó yí i síwá sẹ́yìn.

"Ìyàwó wa," ó ní, "ẹ̀yin lẹ ṣe èyí?"

"Èmi ni, bọ̀dá."

"Ó ń rìn?"

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e sórí irin, mo yí bọ́tìnì. Kò rìn. Ọ̀rá ẹran ti bo ẹsẹ̀ rẹ̀, iná kò sì lè kọjá. Mo nù ún, mo tún gbé e sílẹ̀, ó yí tábìlì ká lẹ́ẹ̀mẹta. Ọkọ mi ń wò wá láti orí àga, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́ àṣemọ́jú rẹ̀ ní Àgbàrá, ojú rẹ̀ sì wúwo fún oorun. Àbúrò rẹ̀ kò wo ibòmíràn mọ́ àfi orí tábìlì.

"Iṣẹ́ lẹ ń ṣe níbí yìí o," ó ní. "Iṣẹ́ ńlá ni. Wọ́n kàn ń fojú tẹ́ńbẹ́lú yín ni."

Mo rẹ́rìn-ín bí ọmọge. Ẹ wo obìnrin àgbà.

Ó ní ilé iṣẹ́ kan fẹ́ gbé ojú irin gba ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, láti Sango gba Ìyànà Ìyẹsí títí wọ ọ̀nà Adó-Odò. Ó ní àwọn ará abúlé kò lè ka àwòrán onílà tí àwọn ẹnjiníà ń yà, àfi kí wọ́n fojú rí i. Ó fẹ́ kí n kọ́ gbogbo rẹ̀ sórí pátákó, kékeré, kí ọkọ̀ máa rìn lórí rẹ̀, kí iná máa tàn ní ìdíkọ̀. Ó ní òun á ra gbogbo ohun tí mo bá fẹ́ lò. Ó sì rà á lóòótọ́.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ́ ọ. Mo da plaiwúùdù méjì pọ̀ mọ́ra, mo gé fóòmù tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí, mo fi ṣe òkè àti kòtò. Mo pa lẹ́búlẹ́bú igi láró pẹ̀lú ọ̀dà àwọ̀ ewé, mo da á sílẹ̀ bíi koríko. Mo la títì, mo to àwọn ṣọ́ọ̀bù Ìyànà Ìyẹsí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ibi tó fún mi níṣòro jù ni ìparí ọ̀nà. Mo fẹ́ kí ọkọ̀ náà dé ìpẹ̀kun, kó yípo, kó sì gba ojú irin kan náà padà wálé. Ṣùgbọ́n bí irin bá yípo bẹ́ẹ̀ tó padà bá ara rẹ̀, irin ọ̀tún á lọ pàdé irin òsì, ṣọ́ọ̀tì! Mo jó mọ́tò méjì níbẹ̀. Ní ìkẹyìn mo gé ojú irin ní ibi mẹ́rin, mo fi ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ há àlàfo náà, mo sì fún òbíríkítí náà ní súìsì tirẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti wọ inú rẹ̀ tán, mo lè yí iná padà kó tó jáde. Lọ́jọ́ tí ó kọ́kọ́ lọ tí ó sì padà láìdúró, mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi nínú yàrá.

Láàárín àkókò yìí, bọ̀dá ń fi àwòrán ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Àwòrán ilé ni. Ilé alámọ̀ kan báyìí, ilé onípáànù kan báyìí, ṣọ́ọ̀ṣì kan, mọ́ṣáláṣí kan. Ó ní kí n ṣe wọ́n gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti rí gan-an, kí n sì fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ojú irin. Ọ̀kan nínú wọn, mo mọ̀ ọ́n. Ilé Ìyá Àgbà ni, ẹ̀gbọ́n ìyá ọkọ mi, tó ń gbé ní abúlé kan lẹ́yìn Adó-Odò. Lọ́dọ̀ obìnrin yìí ni bọ̀dá ti ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń bọ́ ọ. Mo rò pé ìfẹ́ ló mú kó fẹ́ kí ilé rẹ̀ wà níbẹ̀. Mo ṣe ilé náà dáadáa, mo fi ìpẹtà sí páànù rẹ̀, mo gbin igi ọsàn kan síwájú rẹ̀, mo tilẹ̀ dá ihò tó wà ní etí òrùlé lu síbẹ̀.

Abúlé Ìyá Àgbà yìí náà ni bọ̀dá ti kọ́kọ́ pe àwọn onílẹ̀ sí ìpàdé. A fi bọ́ọ̀sì gbé pátákó náà lọ. Wọ́n ta àtíbàbà, àwọn àgbàlagbà sì ti jókòó nígbà tí a dé. Mo so wáyà mọ́ bátìrì bọ́ọ̀sì náà, mo nu ojú irin, mo gbé orí ọkọ̀ àti kọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lé e. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, tí iná wínníwínní tàn ní àwọn ìdíkọ̀, ẹnu ya gbogbo wọn. Wọ́n dìde lórí àga. Baba kan ń na ọ̀pá rẹ̀ sí pátákó, ó ń kígbe pé, "Mọ́ṣáláṣí wa nìyí! Ẹ wá wò ó!" Kálukú ń wá ilé ara rẹ̀.

Wọ́n mú Ìyá Àgbà wá síwájú. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ó ní láti tẹ̀ ba mọ́lẹ̀ kí ó tó rí i. Ó fi ìka kan páànù kékeré náà.

"Ta ló kọ́ ilé mi síbí?"

"Èmi ni, mà."

"O tún fi ihò sí i! Ihò tí mo ti ní kí àwọn ọmọ wọ̀nyí bá mi dí!" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá kọjú sí bọ̀dá. "Ọkọ̀ yìí, níbo ni yóò ti máa dúró? Nítorí ẹsẹ̀ mi ni mo ṣe ń bi ọ́. N kò lè rìn dé títì mọ́."

"Ẹnu ọ̀nà yín gan-an ni, Ìyá mi," bọ̀dá dá a lóhùn. "Ẹ ó kàn jáde ni, ẹ ó wọ̀ ọ́."

Ó ṣẹ́jú sí mi. Ó fẹ́ kí n dá ọkọ̀ dúró. Mo yí bọ́tìnì wálẹ̀ jẹ́jẹ́, ọkọ̀ náà sì dúró síwájú igi ọsàn, ó dúró gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ tó ń dúró de èrò. Ìyá Àgbà pàtẹ́wọ́. Mo ti bi ara mi léèrè lọ́pọ̀ ìgbà bóyá mo mọ nǹkan kan ní ìṣẹ́jú yẹn. N kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n inú mi dùn ju bó ti yẹ lọ, ẹni tí inú rẹ̀ bá sì dùn tó bẹ́ẹ̀ kì í béèrè ọ̀rọ̀.

Ìwé ni ó kàn, èyí tí bọ̀dá ní kí wọ́n tẹ̀ka sí kí ojú irin lè gba ilẹ̀ wọn kọjá. Bọ̀dá fúnra rẹ̀ ló di àtàǹpàkò Ìyá Àgbà mú. Ó tì í bọ íńkì, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé kan, ó fi itọ́ ṣí ojú ewé, ó tún tẹ̀ ẹ́ mọ́ òmíràn. Ní ojú ewé kẹta ó fi bébà ìnuwọ́ kan nu ọwọ́ ìyá náà, ó sì ju bébà aláwọ̀ àlùkò náà sórí koríko tí mo ṣe sórí pátákó. Ọwọ́ kan náà ni ó fi gbá itan adìẹ mú nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ dé. Ọ̀rá ń ṣàn gba ọrùn ọwọ́ rẹ̀ wọ inú aago rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀, oúnjẹ ń hàn lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ bá mi kó àwọn ìwé yẹn sínú fáìlì."

Ibi tí mo ti ń kó o ni ojú mi ti bà lé e. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Mo ka ojú ewé kìíní, mo ka èkejì, mo ka ẹ̀kẹta. Mo ń wá rélùwéè. Kò sí rélùwéè níbẹ̀. Kò sí ojú irin, kò sí ìdíkọ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn tó tẹ̀ka síbẹ̀ ti fi oko wọn àti ilé orí rẹ̀ sílẹ̀ títí láé fún ẹni tí yóò kọ́ ilé ìkẹ́rùsí síbẹ̀. Íńkì Ìyá Àgbà kò tíì gbẹ. Ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Òórùn rẹ̀ dà bíi ti oògùn eku.

N kò lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Èyí kò ní àwáwí. Mo kó ìwé sínú fáìlì bí wọ́n ti ní kí n ṣe, mo yọ wáyà mi, mo bá wọn gbé pátákó wọ bọ́ọ̀sì. Ó di ojú ọ̀nà kí n tó lanu.

"Bọ̀dá, mi ò rí ọ̀rọ̀ rélùwéè nínú ìwé yẹn."

Kò tilẹ̀ ta á lára. Ó ń fi igi tín-ínrín yọ ẹran kúrò láàárín eyín, ó wò ó, ó sì jẹ ẹ́. "Ìwé lẹ fẹ́ máa kà ni, ìyàwó wa, àbí ọkọ̀ lẹ fẹ́ máa tò?"

"Ìyá Àgbà rò pé ọkọ̀ máa dúró lẹ́nu ọ̀nà òun."

"Ìyá ti darúgbó. Ta ló fẹ́ dá oko yẹn? Kí ilẹ̀ máa sùn lásán?" Ó wá rẹ́rìn-ín, ó kọjú sí mi pátápátá, bíi pé ó fẹ́ kọ́ mi ní ọgbọ́n ayé. "Ẹni tó bá fẹ́ pa ẹja, ìjẹ ló ń fi sẹ́nu ìwọ̀. Ìjẹ yín sì dára. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń sáré."

Ìjẹ. Oṣù mẹ́ta tí mo fi tẹ orí ba, àlàfo mẹ́rin tí mo gé pẹ̀lú ayùn tín-ínrín, ihò inú páànù. Èkòló orí ìwọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Mo ní kí awakọ̀ dúró. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo bì sẹ́bàá ọ̀nà, mo sì tún padà wọ inú bọ́ọ̀sì kan náà nítorí pé n kò mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà délé. Ìgbà tí mo bá rántí ìyẹn ni ara mi máa ń kọ ara mi jù.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi nígbà tó délé. Ó gbọ́ mi jáde. Ó fi ọwọ́ pa ojú, ó ní, "Àbúrò mi ni."

"Ìyá Àgbà ńkọ́?"

"Mo ní àbúrò mi ni. Jẹ́ kí n bá a sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ilé la ti máa yanjú rẹ̀."

Ó pè é lórí fóònù. Mo gbọ́ tí àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín nípa nǹkan mìíràn kí ọ̀rọ̀ tó débẹ̀, nígbà tó sì débẹ̀, ohùn ọkọ mi rẹlẹ̀ bí ohùn ẹni tó ń tọrọ iyọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ó sọ fún mi pé àbúrò òun ní òun á ṣe ẹ̀tọ́ fún ìyá. Ó gbé ìrọ̀rí, ó sùn. Mo wò ó. Ọkùnrin rere ni, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, bí ó ṣe ń mí lójú oorun gan-an ń bí mi nínú. Ọ̀sẹ̀ yẹn, oúnjẹ kò wọ̀ mí lọ́fun. Mo ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́, mo sì ń rò pé íńkì náà ṣì wà lábẹ́ èékánná mi.

Ọ̀sẹ̀ kejì, bọ̀dá ránṣẹ́ pé ìpàdé mìíràn wà, ní abúlé kejì sí ti Ìyá Àgbà. Mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ pé n kò lọ. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí n kò bá lọ, yóò rí ẹlòmíràn tí yóò yí bọ́tìnì. Ohun tó ṣòro ni láti kọ́ ọ, yíyí rẹ̀ kò ṣòro fún ẹnikẹ́ni. Mo wọ bọ́ọ̀sì.

Bákan náà ni gbogbo nǹkan rí, àtíbàbà, àga oníke, àwọn arúgbó nínú aṣọ tí wọ́n fi ń lọ òde. Bọ̀dá sọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, ó na ọwọ́ sí mi, ó ní, "Ó yá, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i."

Mo gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnì. Mo dìde.

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá," mo ní, "èmi ni mo kọ́ nǹkan yìí. Agolo mílíìkì ni. Kò sí rélùwéè kankan nínú ìwé tí wọ́n fẹ́ kí ẹ tẹ̀ka sí."

Bọ̀dá rẹ́rìn-ín sí wọn. "Ẹ má dá a lóhùn. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni. Ara rẹ̀ ò yá láti ọjọ́ mẹ́ta. Orí rẹ̀ ò pé."

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń kúnlẹ̀ kí i. Mo rò pé mo máa sunkún, n kò sunkún. Baba kan tó jókòó síwájú, tí gbogbo wọn ń wo ojú rẹ̀, gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè.

"Ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ṣé ó lè kàwé?" ó bi mí.

"Mo lè kà á, bàbá."

"Ẹ fún un ní ìwé."

Kò sẹ́ni tó fún mi. Mo mú un fúnra mi láti orí tábìlì. Bọ̀dá di ọwọ́ mi mú, ìka rẹ̀ tútù, ó rọ̀ bí ìgbín tí wọ́n ti yọ kúrò nínú ìkarahun. Baba náà tún gbé ọ̀pá sókè, bọ̀dá sì fi mí sílẹ̀. Mo kà á ní Gẹ̀ẹ́sì, mo sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n kọ "títí láé" sí, obìnrin kan dìde, ó ká ìró rẹ̀ mọ́ra, ó lọ. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e, láìpariwo, láìkígbe. Baba náà ni ó kẹ́yìn. Ó wo bọ̀dá láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Ọmọ ta ni ọ́ gan-an?" Kò dúró gbọ́ èsì.

Nígbà tó ku àwa nìkan, bọ̀dá tutọ́ sórí pátákó náà. Itọ́ náà nípọn, ó bọ́ sórí orí ọkọ̀ mi, ó ń ṣàn wálẹ̀ lára fèrèsé tí mo fi ike dídán ṣe. Ó fi ẹsẹ̀ ti tábìlì náà ṣubú. Fóòmù fọ́, títì ya sí méjì, ilé àti mọ́ṣáláṣí túká sínú eruku. Òun àti awakọ̀ rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n fi mí sílẹ̀ níbẹ̀. Mo mú orí ọkọ̀ náà, mo fi etí ìró mi nù ún, mo sì gun ọ̀kadà lọ bá Ìyá Àgbà.

Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́ fún un bó ṣe rí. N kò fi ohun kan pamọ́. Mo rò pé yóò ṣépè fún ọmọ tó tọ́ dàgbà. Kò ṣépè. Ó ń fi ọwọ́ kan pa àtàǹpàkò ọwọ́ kejì, bí ẹni pé ó ń dùn ún.

"Ṣé ìwọ lo wa ọkọ̀ náà?" ó ní.

"Èmi ni, mà."

"Ìwọ lo dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà mi."

"Èmi ni."

"Hẹ̀n-ẹ́n." Ó ní kí wọ́n fún mi lómi mu, mo sì mu ún, ó korò lẹ́nu mi bí ewúro.

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan tó jẹ́ lọ́yà gba ọ̀rọ̀ náà rò. Ẹbí pe ara wọn jọ, wọ́n lọ sí ààfin, wọ́n lọ sí kóòtù. Èmi náà lọ jẹ́rìí, mo sì sọ níwájú gbogbo ènìyàn pé èmi ni mo kọ́ rélùwéè irọ́ náà. Ohun tó jáde níbẹ̀ ni pé wọ́n fagi lé ìwé ilé àti àyíká rẹ̀, Ìyá Àgbà sì ṣì ń gbé ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n katapílà ti wọ oko kí kóòtù tó jókòó. Wọ́n ti hú igi kòkó àti obì tí bàbá rẹ̀ gbìn, wọ́n sì ti fi búlọ́ọ̀kù ṣe ọgbà yí i ká. Ẹni tó ra ilẹ̀ náà ní òun kò mọ nǹkan kan. Ẹjọ́ ìyẹn ṣì wà nílẹ̀. Nígbà mìíràn tí mo bá lọ kí ìyá, a máa ń gbọ́ ariwo tirélà láti ẹ̀yìn ògiri náà, òun kì í sì í sọ̀rọ̀ títí ariwo náà á fi kọjá.

Odidi ọdún kan ni n kò fi fọwọ́ kan ayọ́ọ̀nù tí mo fi ń jó lẹ́ẹ̀dì fún ọkọ̀ kankan. Fáànù nìkan ni mò ń tún ṣe. Ìgbà tí mo sì tún bẹ̀rẹ̀, ojú irin àti ọkọ̀ nìkan ni mo tò. N kò kọ́ ilé ẹnikẹ́ni mọ́.

Oṣù tó kọjá ni bọ̀dá wá sílé wa. Ọjọ́ Sátidé ni, òórùn lọ́fínńdà rẹ̀ ti wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé. Kò sí ẹni tó pè é. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó sórí àga tí ọkọ mi máa ń jókòó sí, ó na ẹsẹ̀. Ó kí mi bíi pé a jọ jẹun lánàá.

"Ìyàwó wa, ọ̀rọ̀ ti lọ. A kì í bínú orí ká fi fìlà dé ìbàdí. Ẹ gbọ́, mo ní iṣẹ́ kan fún yín. Ṣé ẹ lè ṣe pápákọ̀ òfuurufú? Pẹ̀lú bàálù tó ń gbéra?"

Mo wò ó. Kò tijú. Kò sí ohun kan lójú rẹ̀ rárá, ó mọ́ gaara bí àwo tí ajá lá. Mo rò pé mo ti kórìíra rẹ̀ dé òpin, n kò mọ̀ pé ó ṣì kù. Mo la ẹnu, ṣùgbọ́n ọkọ mi ti dìde ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, aṣọ iṣẹ́ Àgbàrá ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Dìde lórí àga mi," ó ní.

Àbúrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká..."

"Mo ní kó o dìde."

Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti wà nílé ọkùnrin yìí, n kò gbọ́ ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Bọ̀dá dìde. Ọkọ mi gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka méjì mú bàtà dídán náà bí ẹni tó ń mú òkú eku, ó gbé e jáde, ó sì tò ó sílẹ̀ lójú títì, níta géètì. Gbogbo ará ilé yọjú. Bọ̀dá fi ìbọ̀sẹ̀ rìn gba inú ẹrẹ̀ kọjá lọ bá bàtà rẹ̀.

Ọkọ mi padà wọlé, ó ṣí fèrèsé méjèèjì kí òórùn lọ́fínńdà náà lè jáde. Ó jókòó. Ó ní kí n bá òun bu omi, kí òun fọ ọwọ́.